Ṣáàtì ìpínlẹ̀ mẹ́fà láti inú Calc dé orí flex fíìtì 6: bí mo ṣe yọ ọ́ ní SVG tí àmì Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun kò já

Iṣẹ́ náà kò ju ẹyọ ṣáàtì kan lọ: iye ènìyàn tó wà ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà nínú ìkànìyàn ọdún 2006. Orí flex (aṣọ rọ́bà ìtẹ̀wé) ni ilé ẹ̀kọ́ kan fẹ́ ẹ sí, fíìtì 6 ní ìbú, fíìtì 4 ní gíga, kí wọ́n lè kàn án mọ́ ògiri kíláàsì jọ́gíráfì. Wọ́n ní kí orúkọ ìpínlẹ̀ wà ní Yorùbá tòun tàmì. Mo fara mọ́ ọn pátápátá, torí ọmọ tó bá ń rí "Oyo" àti "Osun" láìlámìí lójoojúmọ́ lára ògiri yóò gbà pé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn.

Yíyọ ṣáàtì jáde kò pẹ́ rárá. Àwọn àmì ló gba àkókò, torí wọn ni mo sì ṣe ń kọ èyí sílẹ̀.

Ohun èlò àti owó

LibreOffice Calc (ètò ìṣirò tó ń ya ṣáàtì), Inkscape ẹ̀dà 1.0 sókè (ètò ìyàwòrán), fọ́ǹtì Noto Sans (fọ́ǹtì ni ìrísí lẹ́tà), àti Notepad lásán. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn, dátà tí èèyàn máa fi wà wọ́n sílẹ̀ nìkan ló ń náni lówó. Ní ti flex, iye fíìtì onígun mẹ́rin ni wọ́n fi ń dá owó lé e. 6 lọ́nà 4 jẹ́ 24, nítorí náà iyekíye tí wọ́n bá pè fún fíìtì kan, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 24. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tó bàjẹ́, gbogbo owó yẹn ni yóò tún jáde. Ìdí nìyí tí mo fi ń yẹ ohun gbogbo wò lórí kọ̀ǹpútà kí n tó jáde nílé.

1. PNG kò lè ṣe é

Ọ̀nà tó yá jù ni mo kọ́kọ́ gbà: mo yọ ṣáàtì ní PNG, irú fáìlì àwòrán tó jẹ́ àkójọ ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní píksẹ́lì. Lójú láptọ́ọ̀pù ó mọ́ kedere. Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ṣáàtì tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 18, tí a bá yọ ọ́ ní píksẹ́lì 96 sí ínṣì kan, píksẹ́lì 680 ni yóò ní láti òsì dé ọ̀tún. Fíìtì 6 jẹ́ ínṣì 72. Na píksẹ́lì 680 sórí ínṣì 72, ínṣì kọ̀ọ̀kan kò ní rí ju mẹ́sàn-án àti ààbọ̀ lọ. Ẹyọ píksẹ́lì kan yóò wá fẹ̀ tó mílímítà 2.7.

Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún iṣẹ́ yìí gan-an ni pé ènìyàn 43,918 péré ni Oǹdó fi ju Ọ̀ṣun lọ. Nínú ṣáàtì tí àyè òpó rẹ̀ ga ní sẹ̀ǹtímítà 9, tí ìwọ̀n rẹ̀ lọ láti 0 dé mílíọ̀nù 10, ìyàtọ̀ yẹn kò ju ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá mílímítà kan lọ. Lórí flex, yóò di bíi mílímítà 4, ojú lè rí i. Nínú PNG, píksẹ́lì kan sí méjì ni gbogbo rẹ̀, ó sì lè pòórá pátápátá. Ká má tíì sọ ti àmì ohùn, tí yóò di àtẹ̀gùn onígun mẹ́rin lórí lẹ́tà.

Èèyàn lè ní kí a yọ PNG ńlá. Fún píksẹ́lì 150 sí ínṣì, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ píksẹ́lì 10,800 sí 7,200. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n bá ní fíìtì 12 làwọn ń fẹ́, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

SVG kì í tọ́jú píksẹ́lì. Ohun tó ń kọ sílẹ̀ ni pé òpó kan bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín, ó ga tó báyìí, àwọ̀ rẹ̀ nìyí. Àjọ W3C, tó ń ṣe ìlànà wẹ́ẹ̀bù, fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ìlànà ní 2001, ọ̀rọ̀ lásán ló sì wà nínú rẹ̀, èèyàn lè fi Notepad ṣí i kà. Èyí ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ jù: mo lè fojú ara mi yẹ inú fáìlì wò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé.

2. Iye inú ṣíìtì

Èkó: 9,113,605
Ọ̀yọ́: 5,580,894
Ògùn: 3,751,140
Oǹdó: 3,460,877
Ọ̀ṣun: 3,416,959
Èkìtì: 2,398,957

Àpapọ̀ wọn jẹ́ 27,722,432, nínú 140,431,790 tí wọ́n kà ní gbogbo Nàìjíríà. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kò gba iye tiwọn yìí nígbà náà, wọ́n ní èèyàn àwọn pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Nítorí náà mo kọ ọ́ sábẹ́ ṣáàtì pé iye tí àjọ ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ni, àti ọdún rẹ̀. Ṣáàtì tí kò sọ ibi tó ti mú iye rẹ̀ kò yẹ kó wà lára ògiri ilé ẹ̀kọ́.

Mo pín gbogbo iye sí mílíọ̀nù kí nọ́ńbà orí òpó má baà gùn. Ẹ má ṣe dúró sí nọ́ńbà kan péré lẹ́yìn àmì ìdá, torí Oǹdó yóò di 3.5, Ọ̀ṣun yóò di 3.4, ó wá dà bíi pé ọ̀kẹ́ márùn-ún ènìyàn ló wà láàárín wọn. Nọ́ńbà méjì ni mo lò: 3.46 àti 3.42.

3. Àwọn àmì, kí ṣáàtì tó wáyé

Inú sẹ́ẹ̀lì gan-an ni àmì Yorùbá ti sábà máa ń bàjẹ́. Èkó, Ògùn àti Èkìtì kì í fa wàhálà. È, ó, Ò, ù àti ì, kóòdù kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní nínú Unicode (àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà), torí àwọn èdè Yúróòpù náà ń lò wọ́n. Oǹdó náà dúró dáadáa, ǹ ní kóòdù tirẹ̀, àfi pé fọ́ǹtì míràn wà tí kò ní in. Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ni ìdánwò. Kò sí kóòdù ẹyọ kan fún Ọ̀, kò sí fún ọ́. Lẹ́tà dá wà, àmì ohùn dá wà, fọ́ǹtì ló gbọ́dọ̀ gbé ìkejì gun orí ìkíní kó sì jókòó sí àárín rẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni èèyàn lè gbà tẹ Ọ̀, kí gbogbo rẹ̀ sì jọra lójú. Èkíní: Ọ tó ti ní àmì abẹ́ tirẹ̀, lẹ́yìn náà àmì ohùn. Èkejì: O lásán, àmì abẹ́, àmì ohùn. Ẹ̀kẹta: Ò tó ti ní ohùn, lẹ́yìn náà àmì abẹ́. Èkíní ni fọ́ǹtì tó pọ̀ jù máa ń gbé dáadáa. Láti mọ èyí tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, mo lo fọ́múlà méjì:

=LEN(A3)
=UNICODE(A3)

Tí Ọ̀yọ́ bá wà ní A3, LEN gbọ́dọ̀ mú 5 wá: Ọ, ohùn ìsàlẹ̀, y, ọ, ohùn òkè. Tó bá mú 7 wá, àmì abẹ́ dá dúró nìyẹn. Ẹ má fi LEN nìkan mọ, torí ọ̀nà kẹta náà máa ń mú 5 wá. UNICODE ló ń tú u fó, ó ń sọ kóòdù lẹ́tà àkọ́kọ́. 7884 ni Ọ gidi. 79 ni O lásán. 210 ni Ò tí wọ́n wá fi àmì sábẹ́ rẹ̀.

Nínú ṣíìtì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, Ọ̀ṣun mú 7 wá, nígbà tí Ọ̀yọ́ mú 5 àti 7884 wá. Ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló tẹ̀ wọ́n, lójú lásán kò sì sí ìyàtọ̀. Orúkọ mẹ́fà péré ni, mo tún un tẹ̀. Tó bá jẹ́ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tó pọ̀ rẹpẹtẹ ni, ìlà kan nínú èdè kọ̀ǹpútà Python ń tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan, ọ̀nà yòówù kí wọ́n gbà tẹ̀ ẹ́:

unicodedata.normalize("NFC", oruko)

Lẹ́yìn èyí ni mo yan fọ́ǹtì. Mo tẹ Ọ̀ ọ́ Ẹ̀ ẹ́ ṣ ǹ m̀ ní lẹ́tà gàgàrà, mo wo ibi tí àmì jókòó sí. Noto Sans gbé gbogbo rẹ̀ sí àárín. Fọ́ǹtì ẹlẹ́ṣọ̀ọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ yàn fún àkọlé gbé ohùn Ọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó sì lọ yá ṣ lọ́wọ́ fọ́ǹtì mìíràn tó tín-ín-rín jù ú lọ. A gbé e jù sílẹ̀.

4. Ìwọ̀n, ìlà, lẹ́tà

Mo ya ṣáàtì olópòó láti "Insert", "Chart". Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mo fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, mo yan "Position and Size", mo sì fi ìbú sí sẹ̀ǹtímítà 18, gíga sí 12. Fíìtì 6 sí 4 àti 18 sí 12, ìwọ̀n 3 sí 2 kan náà ni, nítorí náà kò sí ibi tí yóò ti fẹ̀ jù tàbí ga jù nígbà tí a bá sọ ọ́ di ńlá.

Ìsọdińlá náà jẹ́ ìlọ́po 10.16. Ẹ fi ọgbọ́n yìí sọ́kàn, torí ohun gbogbo ló ń bá a dàgbà. Lẹ́tà póìǹtì 14 yóò di póìǹtì 142, lẹ́tà ńlá rẹ̀ yóò ga tó sẹ̀ǹtímítà 3.6, ọmọ tó jókòó lẹ́yìn pátápátá yóò kà á. Póìǹtì 14 tó sanra ni mo fi kọ orúkọ ìpínlẹ̀, póìǹtì 10 fún nọ́ńbà.

Ìlà ni kí ẹ ṣọ́. Ìlà tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 0.00 nínú ṣáàtì túmọ̀ sí "tín-ín-rín bó bá ṣe lè rí". Lójú kọ̀ǹpútà ó hàn, torí píksẹ́lì kan ni ó kéré jù. Lórí flex, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn rárá. Mo fún ìlà ìsàlẹ̀ àti ìlà ẹ̀gbẹ́ ní sẹ̀ǹtímítà 0.05, èyí tí yóò di mílímítà 5. Àwọn ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀yìn òpó gba 0.02.

Mo yọ òjìji kúrò, mo sì kọ̀ fún ṣáàtì 3D tí wọ́n bẹ̀ mí fún. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ ní ipele 6.

5. Yíyọ jáde

Ẹ tẹ ẹ̀yìn ṣáàtì lẹ́ẹ̀kan kí àwọn onígun mẹ́rin kékeré yọ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ti wọ inú rẹ̀ lọ nìyẹn, mẹ́nù tí ẹ ń wá kò ní sí níbẹ̀. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, ẹ yan "Export as Image", ẹ yan SVG nínú irú fáìlì. Ó tán.

Ẹni tó ń lo Google Sheets, ẹ tẹ tótó mẹ́ta igun ṣáàtì, "Download chart", SVG wà níbẹ̀. Nínú Excel Microsoft 365, bọ́tìnì ọ̀tún, "Save as Picture", ẹ yan SVG. Excel àtijọ́ kò ní in. Ẹ fi ṣáàtì pamọ́ gẹ́gẹ́ bíi PDF, kí ẹ sì fi Inkscape ṣí PDF náà. Ipele 6 sí 8 kan gbogbo wọn.

6. Wíwo inú fáìlì

Mo fi Notepad ṣí i. Ìlà òkè ló ṣe pàtàkì jù:

width="180mm" height="120mm" viewBox="0 0 18000 12000"

Width àti height ni ìwọ̀n tí àwòrán yóò gbà lórí pépà. ViewBox ni ìwọ̀n tí àwòrán fi ń wọn ara rẹ̀ nínú. LibreOffice ń fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mílímítà kà á, ìyẹn ni 180 fi di 18000. Tí viewBox kò bá sí níbẹ̀, àwòrán kò ní mọ bí yóò ṣe dàgbà.

Lẹ́yìn náà, Ctrl+F, mo wá "<image". Tí ẹ bá rí i, tí "base64" àti òkìtì lẹ́tà tí kò nítumọ̀ sì tẹ̀lé e, píksẹ́lì ti sá pamọ́ sínú SVG yín. Mo fi ṣáàtì 3D dán an wò kí n lè fi han àwọn tó ń bẹ̀ mí: gbogbo òpó rẹ̀ ti di ẹyọ àwòrán píksẹ́lì kan ṣoṣo. Orúkọ fáìlì ń jẹ́ SVG, inú rẹ̀ kì í ṣe SVG. Nínú ṣáàtì olópòó lásán tèmi, "<image" kò sí níbì kankan.

Mo tún wá "Noto Sans", mo rí i. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro tó kù wà. SVG kọ orúkọ fọ́ǹtì sílẹ̀, àmọ́ kọ̀ǹpútà tó bá ṣí i ló máa wá fọ́ǹtì náà fúnra rẹ̀. Mo gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn tí kò ní Noto Sans. Èkó, Ògùn àti Èkìtì dúró wẹ́kú. Ọ̀yọ́ ni ohùn àkọ́kọ́ ti yẹ̀, ó rọ̀ sáàárín Ọ àti y. Ọ̀ṣun, ṣ tín-ín-rín, gbogbo ìyókù sanra. Ẹni tó bá fi Èkó nìkan yẹ̀ ẹ́ wò yóò ní ó dára.

7. Sísọ lẹ́tà di ìlà

Ojútùú rẹ̀ ni kí lẹ́tà má jẹ́ lẹ́tà mọ́. Kí ó di àwòrán bíi ti òpó, kí fọ́ǹtì má ní iṣẹ́ kankan ṣe lọ́dọ̀ atẹ̀wé. Orí kọ̀ǹpútà tó ní Noto Sans ni a ti gbọ́dọ̀ ṣe é.

Mo ṣí fáìlì nínú Inkscape, mo sì fa ojú rẹ̀ súnmọ́ Ọ̀yọ́ títí ó fi kún gbogbo ojú kọ̀ǹpútà. Ohùn ọ́ ti yẹ̀ díẹ̀ sọ́tùn-ún, bẹ́ẹ̀ fọ́ǹtì wà níbẹ̀. Ohun tó fà á ni pé nígbà mìíràn, ẹ̀rọ tó kọ SVG máa ń sọ ibi tí ẹyọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan yóò dúró sí, ó sì máa ń ka àmì ohùn mọ́ lẹ́tà. Ẹ yan ọ̀rọ̀ náà, ẹ lọ sí mẹ́nù "Text", ẹ tẹ "Remove Manual Kerns". Àmì padà sí àárín. Tí ó bá kọ̀ síbẹ̀, ẹ pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́, kí ẹ fi ọwọ́ tún un kọ nínú Inkscape. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà kò pọ̀.

Lẹ́yìn náà Ctrl+A, "Path", "Object to Path". Mo fi orúkọ mìíràn pa á mọ́. Ẹni tí kò bá ní àmì kankan láti tún ṣe lè kọ àṣẹ yìí sínú fèrèsé àṣẹ kọ̀ǹpútà (Command Prompt) dípò rẹ̀:

inkscape ipinle.svg --export-text-to-path --export-plain-svg --export-filename=ipinle-itewe.svg

Ìdánilójú rẹ̀ wà nínú Notepad: ẹ wá "<text". Kò gbọdọ̀ sí ẹyọ kan. Tí ó bá kù, lẹ́tà kan ṣì ń dúró de fọ́ǹtì.

Kí n tó kúrò nínú Inkscape, mo ya onígun mẹ́rin kékeré sí igun ìsàlẹ̀, mílímítà 10 sí 10. Lórí flex yóò di sẹ̀ǹtímítà 10.16 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Rúlà ni mo máa fi wọn onígun mẹ́rin yẹn: tí ẹ̀gbẹ́ kan bá gùn ju èkejì lọ, wọ́n ti fà á nìyẹn.

Ohun tó kù ni ìwọ̀n. Mo padà sí Notepad, mo sọ ìlà òkè di:

width="72in" height="48in" viewBox="0 0 18000 12000"

Ẹ má fọwọ́ kan viewBox. Nọ́ńbà méjì péré ló yí padà, ṣáàtì sì di fíìtì 6 sí 4. SVG kò mọ fíìtì, nítorí náà ínṣì ni kí ẹ kọ.

8. Lọ́dọ̀ atẹ̀wé

Ilé ìtẹ̀wé púpọ̀ ní Nàìjíríà, ètò ìyàwòrán CorelDRAW ni wọ́n ń lò, ó sì ń gba SVG wọlé. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọmọkùnrin tó jókòó ti kọ̀ǹpútà bi mí ni pé, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ ti sọ ọ́ di curves?" Sísọ lẹ́tà di ìlà, bí a ṣe ṣe é ní ipele 7, ló ń bi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ṣí i, Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun dúró bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Mo gbé PDF rẹ̀ dání pẹ̀lú, tí mo fi Inkscape yọ, torí ibòmíràn wà tí wọn kì í fẹ́ rí SVG sójú. A kò lò ó lọ́jọ́ náà.

Àwọ̀ ló yọ wá lẹ́nu díẹ̀. Àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà ni SVG ń kọ sílẹ̀; ẹ̀rọ ìtẹ̀ ń po yíǹkì. Àwọ̀ ewé tó ń tàn yòò tí mo fún òpó Èkó di àwọ̀ ewé gbígbẹ lórí ègé kékeré tí mo ní kí wọ́n fi dán an wò. A pààrọ̀ rẹ̀ sí búlúù tó jinlẹ̀, #1F4E79, èyí tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ẹ máa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ègé fíìtì kan, kí ẹ sì san owó rẹ̀. Ó sàn ju kí ẹ tún san ti 24.

Nígbà tí flex jáde, mo fi rúlà wọn onígun mẹ́rin igun ìsàlẹ̀: ó lé díẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 ní ìbú àti ní gíga. Wọn kò fà á.

Fáìlì mẹ́ta ni mo kó fún ilé ẹ̀kọ́ náà: ìwé Calc fúnra rẹ̀, SVG tí lẹ́tà rẹ̀ ṣì jẹ́ lẹ́tà, àti SVG ìtẹ̀wé. Tí wọ́n bá fẹ́ gbé ṣáàtì náà sórí wẹ́ẹ̀bù, ìkejì ni kí wọ́n lò, kí ẹni tó ń wá "Ọ̀ṣun" lè rí i, kí ẹ̀rọ tó ń kàwé fún àwọn tí kò ríran sì lè pè é. Tí ìkànìyàn tuntun bá jáde, inú ìwé Calc ni kí wọ́n ti pààrọ̀ iye, kí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ láti ipele 5. Nínú ti ìtẹ̀wé, kò sí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè tún ṣe mọ́.